Máṣíìnì Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta Táwọn Èèyàn Fi Ń Rìnrìn Àjò: Kí Ló Jẹ́ Gan-an, Kí Ló sì Dé Tí Wọ́n Fi Fẹ́ràn Ẹ̀?

Ẹ ti rí i lórí fóònù yín rí, ó dá mi lójú. Máṣíìnì ńlá kan báyìí tó ń kọ mànà, táyà kan níwájú, méjì lẹ́yìn, bàbá onírùngbọ̀n funfun ló wà lórí ẹ̀, ìyàwó ẹ̀ fẹ̀yìn ti àga lẹ́yìn ẹ̀, orin ń dún, wọ́n ń bá títì márosẹ̀ lọ ní Amẹ́ríkà. Àwọn èèyàn wa tó bá rí i, ohun kan náà ni wọ́n sábà máa ń sọ. Àwọn kan á ní kẹ̀kẹ́ Márúwá òyìnbó rèé. Àwọn kan á ní bàbá yìí ò lè gun ẹlẹ́sẹ̀ méjì mọ́ ló jẹ́ kó lọ ra èyí. Àwọn tó kù á wá béèrè pé bóun bá ní irú owó yẹn lọ́wọ́, kí ló dé tóun ò ní kúkú ra mọ́tò tó ní òrùlé àti éèsì.

Ìbéèrè gidi nìyẹn, ó sì yẹ ká dáhùn ẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ̀kan tẹ́lẹ̀ kó má di pé mò ń pọ́n ọ́n: táyà kẹta yẹn ò sọ gígun máṣíìnì di iṣẹ́ ọmọdé. Iṣẹ́ kan ló gbà kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń gùn ún, ìyẹn iṣẹ́ kéèyàn máa fi ẹsẹ̀ gbé irin ró kó má wó, ó wá gbé iṣẹ́ mìíì lé e lọ́wọ́ níbi kọ́nà. Tẹ́ ẹ bá ti mú ìyẹn dání, gbogbo ohun tó kù á yé yín.

Kí là ń pè bẹ́ẹ̀?

Ohun méjì ló pàdé nínú ẹ̀. Àkọ́kọ́, máṣíìnì ìrìn àjò. Èyí ni irú máṣíìnì tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà jíjìn, kì í ṣe fún àárín ìlú: gíláàsì ńlá wà níwájú ẹ̀ tó ń dá atẹ́gùn dúró, àga ẹ̀ fẹ̀, ó rọ̀, àpótí ẹrù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì àti lẹ́yìn, rédíò wà níbẹ̀, bọ́tìnì sì wà tẹ́ ẹ lè tẹ̀ kó máa bá eré kan náà lọ kí ọwọ́ má baà kú. Honda Gold Wing tó jáde lọ́dún 1975 àti àwọn Harley-Davidson ńláńlá ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Ìkejì, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n ń pè ní tíráìkì lọ́hùn-ún. Ẹ da méjèèjì pọ̀, ohun tá à ń sọ nìyẹn.

Ṣé kẹ̀kẹ́ Márúwá ni? Rárá o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá kan náà ló bí wọn. Kẹ̀kẹ́ tiwa ní òrùlé, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò ju bíi 200cc lọ, èrò ni wọ́n sì ṣe é fún láti máa gbé láàárín ìlú. Tri Glide ti Harley-Davidson, èyí tó ń lo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n pè ní Milwaukee-Eight 114, 1,868cc ni. Corolla 1.8 tó wà níta ilé yín ò tó bẹ́ẹ̀. Irin yẹn nìkan, láìtíì sí ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀, ó lé ní 550 kílò.

Lójú òfin Amẹ́ríkà sì rèé, máṣíìnì ló ń jẹ́, kì í ṣe mọ́tò. Òfin ìjọba àpapọ̀ wọn sọ pé ohunkóhun tó bá ní ẹ́ńjìnnì, tó ní àga tí wọ́n ń gùn, tí táyà tó ń kan ilẹ̀ ò sì ju mẹ́ta lọ, máṣíìnì ni.

Ṣé nǹkan tuntun ni?

Ó tiẹ̀ dàgbà ju mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lọ. Ọkọ̀ tí Karl Benz gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní Jámánì lọ́dún 1886, tí gbogbo ayé gbà pé òun ni bàbá mọ́tò, táyà mẹ́ta ló ní, ọ̀kan níwájú, méjì lẹ́yìn. Ìyàwó ẹ̀ ló wá fi í rin ìrìn àjò jíjìn àkọ́kọ́. Lóṣù kẹjọ ọdún 1888, Bertha Benz gbé ọkọ̀ yẹn, ó kó àwọn ọmọ ẹ̀ ọkùnrin méjì sínú ẹ̀, ó gbéra láti Mannheim ó di Pforzheim nílé ìyá ẹ̀, ọ̀nà tó lé ní 100 kìlómítà, nígbà tí kò tíì sí ilé epo kankan láyé, ọ̀dọ̀ apòògùn ló ti ra ohun tó fi ṣe epo lójú ọ̀nà. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti ìrìn àjò jíjìn ti jọ ń bọ̀ tipẹ́.

Harley náà ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Láti 1932 títí di 1973 ni wọ́n fi ṣe èyí tí wọ́n pè ní Servi-Car, àwọn ọlọ́pàá ló ń lò ó fi mú àwọn tó páàkì síbi tí kò yẹ, àwọn oníṣọ́ọ̀bù náà ń fi í gbé ọjà. Nígbà tí ìyẹn parí, àwọn oníṣẹ́ aládàáni ló wá gba iṣẹ́ náà ṣe. Wọ́n á gba Gold Wing tàbí Harley ẹlẹ́sẹ̀ méjì lọ́wọ́ oníbàárà, wọ́n á yọ táyà ẹ̀yìn, wọ́n á so ọ̀pá tó ní táyà méjì mọ́ ọn, wọ́n á wá ṣe bọ́dì bò ó. Ilé iṣẹ́ bíi Lehman Trikes, Motor Trike àti California Sidecar lorúkọ wọn jáde jù nídìí ẹ̀. Títí dòní, ẹ bá rí Gold Wing ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lójú títì, irú iṣẹ́ àtúnṣe yẹn ni.

Ọdún 2007 ni nǹkan yí padà pátápátá. BRP, ilé iṣẹ́ kan ní Valcourt ní Quebec lórílẹ̀-èdè Kánádà, tí wọ́n mọ̀ fún máṣíìnì Ski-Doo tó ń sáré lórí yìnyín, gbé Can-Am Spyder jáde. Táyà méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹnikẹ́ni ò tíì rí irú ẹ̀ lójú títì tẹ́lẹ̀ pé kó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni Harley náà gbé Tri Glide Ultra jáde, wọ́n pè é ní ti ọdún 2009, táyà méjì lẹ́yìn. Nígbà tó fi máa di 2010, Spyder RT tó jẹ́ ti ìrìn àjò gan-an ti dé. Látìgbà náà, ìdíje ti wọ̀ ọ́.

Méjì níwájú àbí méjì lẹ́yìn, kí ló kàn mí?

Ó kàn yín gan-an, tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa gùn ún.

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni, nígbà tí ìkòkò bá dúró sójú kan. Ẹ fi ìlà so táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lọ́kàn yín, ẹ ó rí i pé igun mẹ́ta ló ṣe. Níwọ̀n ìgbà tí gbogbo ìwọ̀n máṣíìnì àti tẹni tó wà lórí ẹ̀ bá ṣì wà láàárín igun mẹ́ta yẹn, kò lè dà. Àmọ́ máṣíìnì tó ń sáré kì í dúró sójú kan, ìwọ̀n ẹ̀ máa ń rìn. Tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì, ó máa ń sáré síwájú. Tẹ́ ẹ bá gba kọ́nà, ó máa ń sá síta. Tẹ́ ẹ bá wá tẹ bíréèkì nínú kọ́nà, síwájú àti síta ló máa lọ pọ̀.

Wàyí o, máṣíìnì tó ní táyà kan ṣoṣo níwájú, ibi tí ìwọ̀n ń sáré lọ yẹn gan-an ni igun mẹ́ta ẹ̀ ti tín-ín-rín jù. Ìdí nìyẹn tí Reliant Robin ti àwọn ará Britain, mọ́tò kékeré tó ní táyà kan níwájú, fi di ọkọ̀ tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí èyí tó ń dà. Èyí tó ní méjì níwájú, ibi tó fẹ̀ ló kọjú sí i, torí ẹ̀ ló ṣe máa ń dúró dáadáa tí wọ́n bá tẹ bíréèkì lójijì. Tó bá jẹ́ ti ìyẹn nìkan ni, èmi á ní kí gbogbo èèyàn ra oníméjì níwájú.

Kí ló wá dé tí Harley àti àwọn tó ń tún Gold Wing ṣe ṣì ń fi méjì sẹ́yìn? Ìdí wà. Nínú ìrìn àjò, ẹ̀yìn ni ẹrù ńlá àti ẹni kejì ń wà, ibẹ̀ sì ni igun mẹ́ta náà ti fẹ̀, nítorí náà tẹ́ ẹ bá di ẹrù sí i dáadáa, ó máa ń jókòó pẹ̀sẹ̀. Ìkejì sì ni ìrísí. Ẹni tó bá wà lórí ẹ̀ tó wo iwájú, ohun tó ń rí láti ogójì ọdún náà ló ṣì ń rí: hándù, iná ńlá, táyà kan. Ẹ má fojú kékeré wo ìyẹn, ohun tó ń mú owó jáde lápò ni.

Spyder ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n bá ilé iṣẹ́ Bosch ṣe, tó ń wo bí táyà kọ̀ọ̀kan ṣe ń yí àti bí máṣíìnì ṣe ń yà. Tó bá rí i pé táyà inú fẹ́ gbéra nílẹ̀, á dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, á sì di bíréèkì táyà kan mú láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan. Àwọn ògbólógbòó kan máa ń bínú sí i pé ó ń dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Èmi rò pé ó wúlò, pàápàá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Báwo lèèyàn ṣe ń yí i, ṣé bíi ti ọ̀kadà ni?

Ibí ni gbogbo èèyàn ti ń ṣì í gbọ́, àtẹni tí ò gun máṣíìnì rí àtẹni tó ti ń gùn ún láti kékeré, torí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Ọ̀kadà ẹlẹ́sẹ̀ méjì máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bá fẹ́ gba kọ́nà. Ẹ sì wo ohun tó ń mú un tẹ̀. Tó bá ti ń sáré, tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún, hándù ọ̀tún lẹ máa tì síwájú díẹ̀. Síwájú ni mo wí o, kì í ṣe sẹ́yìn. Táyà iwájú á kọ́kọ́ kọjú sósì fún ìṣẹ́jú kékeré kan báyìí, máṣíìnì á wá ṣubú sọ́tùn-ún díẹ̀, ìṣubú yẹn ló máa mú un yà sọ́tùn-ún. Ọlọ́kadà tó ti ń ṣe é fún ogún ọdún ò ní lè ṣàlàyé ẹ̀ fún yín, ara ẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Tíráìkì kì í ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀, torí náà kì í tẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti hándù ọ̀tún síwájú, òsì ló máa lọ, tààrà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa rí títí láé. Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó ti gun ẹlẹ́sẹ̀ méjì fún ọgbọ̀n ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó sórí tíráìkì, kọ́nà àkọ́kọ́ dé, ara ẹ̀ ṣe ohun tó mọ̀, ó ti hándù, máṣíìnì sì ń gbé e lọ sí òdìkejì ibi tó fẹ́, ibi tí mọ́tò ti ń bọ̀ tàbí inú gọ́tà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí ò gun nǹkan kan rí fi lè tètè mọ tíráìkì ju ọ̀gá lọ. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàgbé ohun tó mọ̀.

Ohun kejì ni agbára tó ń ti èèyàn síta. Lórí ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tí máṣíìnì bá ti tẹ̀, agbára kọ́nà máa ń gba ìsàlẹ̀ àga lọ ni, ẹ kàn máa rò pé ẹ wúwo sí i díẹ̀. Lórí tíráìkì, pẹrẹsẹ lẹ wà, gbogbo agbára yẹn á máa wọ́ yín lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá ti jókòó sí kẹ̀kẹ́ Márúwá tí awakọ̀ fi eré gba ráńdábáòtù mọ ohun tí mò ń sọ. Torí náà, ẹni tó ń gùn ún ló gbọ́dọ̀ gbé àyà àti èjìká ẹ̀ wọ inú kọ́nà, kó fi ọwọ́ fa hándù. Apá máa ń ro èèyàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nítorí ìyẹn làwọn tó ń ṣe tíráìkì ṣe ń yí bí fọ́ọ̀kì iwájú ṣe dagun padà kí hándù lè fúyẹ́, Spyder ní tiẹ̀ ní ẹ́ńjìnnì iná tó ń bá yín yí i.

Ìkẹta, ẹ gbẹ́sẹ̀ lé ibi ìgbẹ́sẹ̀lé, kẹ́ ẹ sì fi í síbẹ̀. Ẹni tó ti mọ́ lára pé tóun bá ti fẹ́ dúró òun á sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lórí oníméjì lẹ́yìn, táyà ẹ̀yìn tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè gun ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sáwọn èèyàn dáadáa.

Àwọn kan tún wà tó ní táyà mẹ́ta tó sì ń tẹ̀. Piaggio MP3 tó jáde ní Ítálì lọ́dún 2006, táyà iwájú ẹ̀ méjèèjì so mọ́ra lọ́nà tí wọ́n fi lè jọ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pọ̀ nígboro Paris. Yamaha ṣe Niken ní 2018, wọ́n sì ṣe Niken GT tẹ̀ lé e fún ìrìn àjò. Bí ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni wọ́n ṣe ń yí ìyẹn, kò sì sí ohun tó kàn án nínú gbogbo wàhálà tí mo sọ lókè yìí, àfi pé tó bá dúró tán, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ gbé e ró tàbí kẹ́ ẹ tẹ ohun tó ń dè é.

Ta ló wá ń rà á, kí ló sì fà á?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ bàbá onírùngbọ̀n yẹn. Gold Wing ẹlẹ́sẹ̀ méjì wúwo tó bíi 380 kílò. Ẹ fi bàbá kún un, ẹ fi ìyá kún un, ẹ fi aṣọ ọ̀sẹ̀ méjì kún un, ó ti lé ní 500 kílò dáadáa. Tó bá ń sáré, ìwọ̀n yẹn ò já mọ́ nǹkan kan. Ibi tó ti ń di ẹjọ́ ni ilé epo, ibi tí iná títì ti dá wọn dúró lórí òkè, ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ pọ̀ sí lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì. Níbẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì bàbá ló ń gbé gbogbo ẹ̀ ró. Kó sì fì díẹ̀ péré kọjá ibi tó yẹ, kò sẹ́ni tó lè dá a padà, á wó ni, ìyá á sì bá a wó.

Ẹsẹ̀ tó ṣe ìyẹn lọ́mọ ogójì ọdún kì í ṣe ẹsẹ̀ tó máa ṣe é lẹ́ni ọdún méjìdínláàádọ́rin, lẹ́yìn tí dókítà ti pààrọ̀ orúnkún. Àwọn tó ń gun máṣíìnì ní Amẹ́ríkà sì ti ń dàgbà. Ìwádìí tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe máṣíìnì níbẹ̀, Motorcycle Industry Council, ṣe fi hàn pé lọ́dún 1990, ìdajì àwọn tó ni máṣíìnì ò tíì ju ọmọ ọdún 32 lọ. Nígbà tó fi máa di 2018, ọdún 50 ló ti dé. Àwọn èèyàn kan náà ni púpọ̀ nínú wọn, wọn ò sọ̀kalẹ̀, ọjọ́ orí ló ń gòkè.

Ohun tó ń bà mí lọ́kàn jẹ́ nípa "kò lè gun ẹlẹ́sẹ̀ méjì mọ́" nìyẹn. Tó bá tiẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló burú níbẹ̀? Ẹni tó ti fi máṣíìnì wo ìlú fún ọgbọ̀n ọdún, tí ẹgbẹ́ ẹ̀, ọ̀rẹ́ ẹ̀, ìsinmi òun àti ìyàwó ẹ̀ gbogbo wà nídìí ẹ̀, tí ara wá ní ó tó, ohun méjì ló kù fún un, kó tà á kó jókòó sílé tàbí kó wá èyí tí kò ní wó lé e lórí. Èmi ò rí ìtìjú kankan nínú ìkejì.

Kì í sì í ṣe àwọn àgbà nìkan. Àwọn obìnrin tí wọn ò ga, tí ẹsẹ̀ wọn ò tólẹ̀ dáadáa lórí máṣíìnì ńlá, rí ohun tó bá wọn mu nínú ẹ̀. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kan ò ṣiṣẹ́ tàbí tí wọ́n gé e náà wà níbẹ̀, torí jíà Spyder RT, bọ́tìnì àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń yí i, kò sí klọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń tẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sì lè gbé bíréèkì sọ́wọ́ fẹ́ni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò lè tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan wà tí wọn ò gun máṣíìnì rí láyé wọn, mọ́tò ni wọ́n ń wà, wọ́n kàn fẹ́ atẹ́gùn láìfẹ́ bẹ̀rù àtiṣubú.

Ẹni tó jókòó sẹ́yìn náà ńkọ́? Nígbà púpọ̀ òun ló ń pinnu. Lórí Tri Glide, àga ẹ̀yìn ní ibi ìfẹ̀yìntì àti ibi ìgbápálé, kò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé kó má mira níbi iná títì. Ìyàwó tí ẹ̀yìn ń ro lẹ́yìn wákàtí kan lórí ẹlẹ́sẹ̀ méjì lè bá wọn dé ibi tó jìnnà.

Ẹrù náà tún wà níbẹ̀. Spyder RT ní àpótí níwájú níbi tí ẹ́ńjìnnì mọ́tò máa ń wà, ó tún ní tẹ̀gbẹ́ àti tẹ̀yìn. Rìfáàsì wà lára ẹ̀, ó sì wà lára Tri Glide, ìyẹn sì ṣe pàtàkì torí kò sẹ́ni tó lè fẹsẹ̀ ti irin 550 kílò padà sẹ́yìn lórí òkè.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú ra mọ́tò?

Torí pé ohun tí wọ́n ń wá ò sí nínú mọ́tò. Nínú mọ́tò, fèrèsé lẹ fi ń wo ìlú. Lórí máṣíìnì, ẹ wà nínú ìlú náà. Ẹ ó gbóòórùn oko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé koríko ẹ̀, ẹ ó mọ ìgbà tí ojú ọjọ́ yí padà bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, ojú yín á rí òkè àti ìsàlẹ̀ láìsí irin kankan tó dí i. Ẹni tó bá gba Blue Ridge Parkway ní Virginia àti North Carolina, ọ̀nà 469 máìlì tí wọ́n ṣe sórí òkè nítorí ìran wíwò nìkan, yóò mọ̀ pé òrùlé ló máa ba ìrìn àjò yẹn jẹ́.

Ohun kan tún wà táwọn èèyàn kì í kà sí, ìyẹn ni ẹgbẹ́. Lóṣù kẹjọ ọdọọdún, àwọn tó ń gun máṣíìnì máa ń pàdé ní Sturgis ní South Dakota, wọ́n ti ń ṣe é láti 1938. Daytona ní Florida ti bẹ̀rẹ̀ ní 1937. Ẹni tó bá gbé mọ́tò lọ, àlejò ló jẹ́. Ẹni tó bá gun tíráìkì lọ, ọmọ ilé ni.

Ṣé kò léwu ni?

Ó léwu, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín. Ó mú ìṣubú ojúkan kúrò, ó dín ìbẹ̀rù yíyọ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ àti omi kù, ṣùgbọ́n kò sí bọ́dì tó bò yín, mọ́tò tó bá gbá yín, ara yín ló gbá. Hẹ́lúmẹ́ẹ̀tì, jákẹ́ẹ̀tì àti bàtà kì í ṣe ohun tí táyà kẹta rọ́pò.

Ìbẹ̀rù àtijọ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó kàn án. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ó lé, àwọn ilé iṣẹ́ ń ta ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kékeré kan tó ní táyà rọ̀bọ̀tọ̀ fún inú oko àti yanrìn, àwọn ọmọdé pàápàá ń gùn ún. Ó pa èèyàn, ó ṣe èèyàn léṣe tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi bá àwọn ilé iṣẹ́ náà ṣe àdéhùn nílé ẹjọ́ lọ́dún 1988 pé wọn ò gbọ́dọ̀ ta á mọ́. Àwọn tó rántí ìyẹn ló máa ń sọ pé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kankan ò dáa. Ṣùgbọ́n ìyẹn kúrú, ó ga, ó fúyẹ́, táyà ẹ̀yìn ẹ̀ méjèèjì sì so pọ̀ gírígírí, wọn ò lè yí yàtọ̀ síra nínú kọ́nà. Tri Glide ní difurẹ́ńṣíà bíi ti mọ́tò, táyà tó wà níta kọ́nà lè sáré ju tinú lọ, ìdúró ẹ̀ fẹ̀, ó sì sún mọ́lẹ̀.

Eré ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Ọ̀nà kan wà láàárín Tennessee àti North Carolina, Tail of the Dragon, tó ní kọ́nà 318 láàárín máìlì 11. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ń gbádùn ẹ̀. Tíráìkì náà lè gbà á, àmọ́ kéèyàn ti dín eré kù kó tó wọ kọ́nà ni, kì í ṣe nínú ẹ̀.

Láísẹ́ǹsì àti owó ńkọ́?

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tiẹ̀. Ní California, láísẹ́ǹsì mọ́tò tó. Ibòmíì, àfi kẹ́ ẹ gba ti máṣíìnì, tàbí ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nìkan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Britain, ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 2013 ni òfin yí padà: ẹni tó bá gba láísẹ́ǹsì mọ́tò látọjọ́ náà ò lè fi í gun tíráìkì, ti máṣíìnì ńlá ló gbọ́dọ̀ gbà, àfi ẹni tó bá jẹ́ aláàbọ̀ ara. Àwọn tó ti ní tiwọn ṣáájú ọjọ́ yẹn, ẹ̀tọ́ wọn ṣì wà.

Owó ẹ̀ kì í ṣe kékeré. Lọ́dún 2024, Tri Glide tuntun lé ní 30,000 dọ́là. Can-Am, àwọn tó ṣe Spyder, mọ̀ pé ó pọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe Ryker tó kéré, nígbà tó jáde 8,499 dọ́là ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ti ìrìn àjò jíjìn. Ẹ sì tún fi í sọ́kàn pé ó ń jẹ epo ju ẹlẹ́sẹ̀ méjì lọ, ó ń gba àyè páàkì bíi ti mọ́tò, kò sì lè gba àárín mọ́tò méjì kọjá nígbà tí gòsíló bá dé.

Ṣé ó lè ṣiṣẹ́ nílé?

Fún ìrìn àjò láti Èkó lọ sí Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́, èmi ò gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀. Kò kan ọlá tàbí ìṣẹ́, kòtò ló kàn. Páwà báìkì ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ìlà kan ṣoṣo ló ń wá lójú títì, tẹ́ ẹ bá rí kòtò, ẹ ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Tíráìkì ń wá ìlà mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá gbé táyà iwájú kọjá, ọ̀kan nínú tẹ̀yìn á kó sí i. Àwọn onímárúwá mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wa kẹ̀kẹ́ wọn ní wọ́rọ́kọ́ lójú ọ̀nà. Tri Glide sì sún mọ́lẹ̀ ju kẹ̀kẹ́ lọ. Ẹ wá fi ti mẹkáníìkì àti páàtì tí ẹ máa máa retí láti òkè òkun kún un.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò lọ́hùn-ún

Ẹ má rà á lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rí i. Motorcycle Safety Foundation ní Amẹ́ríkà ní ẹ̀kọ́ tó wà fún ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta nìkan, pápá ìpáàkì tó ṣófo ni wọ́n ti ń kọ́ni, níbòmíì, máṣíìnì wọn ni wọ́n máa ń fún yín gùn. Ẹ gun oníméjì níwájú, ẹ gun oníméjì lẹ́yìn, torí ìmọ̀lára wọn ò jọra rárá, ẹni tó kórìíra ọ̀kan lè fẹ́ràn èkejì. Tẹ́ ẹ bá ti gun ẹlẹ́sẹ̀ méjì rí, ẹ sọ fún olùkọ́ yín kẹ́ ẹ tó gbéra, kó lè mọ ibi tí ọwọ́ yín máa ti ṣì. Ẹ sì mú ẹni tó máa jókòó sẹ́yìn dání lọ síbi tẹ́ ẹ ti fẹ́ rà á, kó jókòó sí i fúngbà díẹ̀, kó sọ tẹnu ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó.